Rọ́ọ̀kì kì í ṣe ariwo: ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́rẹ́ yín wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan jáde lójú ewé yín láti ọwọ́ olùkàwé kan ní Iléṣà. Ó ní òun bá àwo rọ́ọ̀kì kan nínú ẹrù àwọn àgbà ilé òun, òun gbé e sórí gíràmáfóònù, ó kọ́kọ́ dùn díẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi máa dé òpin ojú kìn-ín-ní, ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí wọ́n da ẹja tútù sínú òróró gbígbóná. Ìdájọ́ tó wá ṣe ni pé ariwo òyìnbó ni rọ́ọ̀kì, kò ní ìlù nínú. Àwo tó dárúkọ ni àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Santana ṣe, èyí tó jáde lọ́dún 1969.

Àwa tí à ń gbọ́ irú orin yìí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ka lẹ́tà náà, a sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Orin tó wà ní òpin ojú kìn-ín-ní àwo yẹn gan-an, ọmọ Yorùbá ló ni ín. "Jingo" ni wọ́n kọ sára àwo Santana. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló gbé e jáde nínú àwo rẹ̀ Drums of Passion ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, "Jin-Go-Lo-Ba" ló sì pè é. Santana kàn gbé gìtá iná àti dùùrù Hammond lé e lórí ni, wọ́n fi ìlù sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá a. Ẹni mẹ́ta ló ń lùlù nínú àwo náà: Michael Shrieve ló jókòó sídìí dúróòmù, Michael Carabello ń fọwọ́ lu kóńgà, José Areas ń lu tìmbálè àti kóńgà. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ ìlù níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Ibi tí orin yẹn bọ́ sí lórí àwo ló jẹ́ ká mọ̀. Àwo ńlá a máa yípo ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ìbáà jẹ́ etí àwo ni abẹ́rẹ́ wà, ìbáà ti dé ìtòsí bébà àárín. Ṣùgbọ́n etí àwo gbòòrò, àárín rẹ̀ kéré. Létí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fi máa dé orin ìparí, ó ti dín sí nǹkan bíi 21. Orin tí wọ́n tẹ́ gbẹẹrẹ létí ni wọ́n wá fún pọ̀ mọ́ra ní àárín. Abẹ́rẹ́ tó ṣì dáa á wọ inú kọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn. Èyí tó ti jẹ kò lè wọ̀ ọ́, á kàn máa fara gbo ògiri ọ̀tún àti tòsì ni, ohun tí ẹ ó sì máa gbọ́ ni ṣáá-ṣáá lórí gbogbo ohùn tó bá ga. Ìdí nìyẹn tí àwo náà fi kọ́kọ́ dùn, tó sì bàjẹ́ nígbà tó dé "Jingo". Ká ní àwo ló bàjẹ́ látòkèdélẹ̀ ni, etí àwo náà ì bá ti máa pariwo.

Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì a máa tó nǹkan bíi wákàtí 500 kí èèyàn tó ní láti wá òmíràn. Àwo tó gba 40 ìṣẹ́jú, ẹ máa gbọ́ ọ ní ìgbà 750 nìyẹn, ìyẹn bí ọdún méjì fún ẹni tó ń gbọ́ àwo kan lójúmọ́. Abẹ́rẹ́ tó wà lórí gíràmáfóònù láti ìgbà FESTAC, tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́, ìṣó ni. Kì í sì í ṣe pé ó ń dún burúkú nìkan, ó ń gbẹ́ àwo yín lọ ni, gbígbẹ́ yẹn kò sì ní àtúnṣe.

Ẹ tún wò ó bóyá owó kọ́bọ̀ kan wà lórí apá ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà máa fò. Orí abẹ́rẹ́ òde òní ń fẹ́ ìwọ̀n gíráàmù 1.5 sí 2. Èyí tó wà lára rédíògírámù àtijọ́ ń fẹ́ bíi 4 sí 6. Owó onírin kan ṣoṣo lè wọ̀n ju gbogbo ohun tó yẹ kí abẹ́rẹ́ fi tẹ àwo lọ. Ohun tó ń mú abẹ́rẹ́ fò kì í sábà jẹ́ pé ó fúyẹ́: ìdọ̀tí ni, tàbí tábìlì tó dagun, tàbí àwo tó ti ká. Ẹ̀rọ tó bá ní òṣùwọ̀n lẹ́yìn apá, ẹ yí òṣùwọ̀n náà títí apá yóò fi léfòó gbọọrọ láìròkè láìsọ̀. Kí ẹ di òṣùwọ̀n mú, kí ẹ yí òǹkà ara rẹ̀ nìkan sí òdo. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé iye tí ìwé abẹ́rẹ́ bá sọ. Iye yẹn náà ni kí ẹ fi sí bọ́tìnnì kékeré tí kì í jẹ́ kí apá ya sínú.

Ọ̀rọ̀ iná ló tún kù. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí àwọn tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà kó bọ̀ wálé, iná 60 Hz ni wọ́n ṣe mọ́tọ̀ wọn fún (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Iná tiwa, 50 Hz ni. Mọ́tọ̀ tó ń tẹ̀lé iná bẹ́ẹ̀ yóò máa yípo ní nǹkan bíi 27.8 dípò 33.3, orin á rẹlẹ̀ tó ìtẹ̀ mẹ́ta lórí dùùrù, Robert Plant, akọrin Led Zeppelin tó ń ké fẹẹrẹ, á wá máa dún bí alága ìpàdé ẹbí. Tíránsífọ́má tó ń sọ 220 di 110 kò wo èyí sàn, nítorí fóòtì ló ń dín, kì í yí Hz padà. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tọ̀ ni ẹ máa fi èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún rọ́pò, bí ẹ bá rí ẹni tó lè gbẹ́ ẹ. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹ̀rọ tí mọ́tọ̀ rẹ̀ ń lo DC (irú iná bátìrì), ìyẹn ò mọ̀ bóyá 50 ni tàbí 60.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mọ́tọ̀ àtijọ́. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́, á sáré. Bí fìríìjì bá gbéra lójijì, á rọ̀, orin á sì rọ̀ tẹ̀lé e. Àṣìṣe kan wà níbí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá ń ṣe. Wọ́n á gbé bébà aláàmì 180 tí wọ́n fi ń yẹ eré àwo wò sórí àwo, wọ́n á tan gílóòbù tó ń ṣẹ́jú tẹ̀lé iná sí i, bí àwọn àmì náà bá dúró sójú kan, wọ́n á ní ó pé. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù àti mọ́tọ̀ bá jọ wà lórí jẹnẹrétọ̀ kan náà, àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣìnà, àwọn àmì á dúró jẹ́ẹ́ lórí irọ́. Ẹ lẹ bébà pélébé kan mọ́ àárín àwo, kí ẹ fi fóònù ka àkókò: ní ìṣẹ́jú mẹ́ta gééré, ó gbọ́dọ̀ yípo ìgbà 100. Kì í gbowó, kì í sì í purọ́.

Bí ẹ̀rọ bá ti jókòó dáadáa, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí nìyí. Etí Yorùbá ni a fi ń gbọ́ ọ, ìlù la fi ń ṣáájú, gìtá lè dúró ná.

Àwo ẹgbẹ́ Cream ló wà lórí ẹ̀rọ jù, nítorí Ginger Baker, onílù wọn. Nínú "Sunshine of Your Love" tó wà lórí Disraeli Gears (1967), ẹ ka mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn onílù rọ́ọ̀kì tó kù, orí èjì àti ẹ̀rin ni wọ́n ń kọlu. Baker ń kọlu ení àti ẹ̀ta, lórí àwọn ìlù títóbi tí ohùn wọn wúwo, bí ìgbà tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ níwájú eégún. Kò ṣèèṣì. Phil Seamen tó jẹ́ onílù jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ìlù ilẹ̀ Áfíríkà fún un gbọ́. "Toad" tó wà nínú Wheels of Fire (1968) lé ní ìṣẹ́jú 16, ìlù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ méjì ló ń lò: ẹ fi etí ti ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú tí kì í yẹ̀, ọwọ́ ló ń ṣe ìyáàlù. A kì í parọ́ fún yín, ibì kan wà ní àárín rẹ̀ tó ń fa ara lọ, àwa náà a máa lọ bu omi mu níbẹ̀. Lọ́dún 1971 ni Baker wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá sí Èkó. Ó lùlù pẹ̀lú Fẹlá lórí àwo Live! tó jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ fi àwo yẹn ṣe ìdíwọ̀n: ẹ gbọ́ Baker lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tony Allen, onílù Fẹlá, ẹ ó rí ẹni tó ń fi agbára ṣe é àti ẹni tó ń fi ọrùn ọwọ́ ṣe é.

John Bonham, onílù Led Zeppelin, ni ẹnìkejì. "When the Levee Breaks", lórí àwo wọn kẹrin (1971), jẹ́ orin àtijọ́ tí Memphis Minnie àti Kansas Joe McCoy, àwọn aláwọ̀ dúdú, kọ ní 1929. Ìró ìlù rẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa jí i gé. Wọ́n gbé dúróòmù sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Headley Grange, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì péré ni Andy Johns tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ so rọ̀ láti òkè àtẹ̀gùn, kò fi ẹyọ kan síwájú ìlù. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ kì í ṣe ìlù nìkan, ìlù àti ilé ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ dùndún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin tó ga, tó sì tún gbọ́ ọ ní pápá, á mọ ohun tí à ń wí. Orí sípíkà fóònù, ilé yẹn á pòórá, ìlù á ṣẹ́kù bí agolo.

Nínú The Dark Side of the Moon ti Pink Floyd (1973), "Money" ló máa ń da ẹsẹ̀ àwọn oníjó rú. Méje-méje ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹ má sọ pé méje ṣòro fún wa: ìlù kan wà tí agogo ń lù nílé wa, ẹ̀ẹ̀méje ló ń dún kó tó tún bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òǹkà méjìlá ni tiwa jókòó sí, ti Floyd sì jẹ́ méje gbọọrọ. Ẹ ka ìró owó tó ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀, méje ni. Fèrè sàksófóònù gba inú méje yẹn kọjá. Nígbà tí gìtá David Gilmour bá wọlé, wọ́n á sún un sí mẹ́rin, ara á tù yín lójijì, lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà. Ibi ìsúnkúrò yẹn gan-an ni adùn orin náà.

Jimi Hendrix wá ni ẹni tí a lè fi gbogbo ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló dojú rẹ̀ dé, tó sì tún okùn rẹ̀ tò. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ó mú gìtá sọ̀rọ̀, ká tó sọ bẹ́ẹ̀ nílùú tí gángan wà, ó yẹ ká mọ bó ṣe ṣe é. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní, ó ń fi ìka ti okùn sápá kan lẹ́yìn tó bá ti ta á, ohùn á gòkè láti ìsàlẹ̀ láìjá: ohun tí onídùndún ń fi ọsán ṣe nìyẹn, àmì ohùn ni. Èkejì ni pẹ́dàlì wah-wah tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìyẹn kì í gbé ohùn sókè sódò, ẹnu ló ń ya tó sì ń pa, bí ìgbà tí èèyàn ń ti "ù" bọ́ sí "à". Fáwẹ́lì nìyẹn. Dùndún ní àmì ohùn, kò ní fáwẹ́lì. Hendrix ní méjèèjì lọ́wọ́, èdè ni kò ní. Ìbẹ̀rẹ̀ "Voodoo Child (Slight Return)" (1968) ni kí ẹ ti gbọ́ ẹnu náà láìsí ohùn: ó fọwọ́ pa okùn, ó ń họ ọ́ lásán, pẹ́dàlì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ gìtá ní Mọ́dákẹ́kẹ́ àti nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ jọ̀wọ́, "Smoke on the Water" ti Deep Purple (1972) kì í ṣe orin okùn kan. Okùn kẹta àti ìkẹrin ni ẹ máa jọ ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìka ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe píìkì. Ojú irin ọrùn gìtá tí ẹ máa tẹ̀ nìyí, òdo ni okùn tí ẹ ò tẹ̀ rárá: òdo, ẹ̀ta, àrún, òdo, ẹ̀ta, ẹ̀fà, àrún, òdo, ẹ̀ta, àrún, ẹ̀ta, òdo. Bí ẹ bá fi píìkì gbá a, okùn kan á ṣáájú èkejì, agbára rẹ̀ á sì lọ.

Rolling Stones, a ò ní pẹ́ níbẹ̀: kóńgà tó gbé "Sympathy for the Devil" (1968) dúró, Rocky Dijon ọmọ Gánà ló lù ú.

Ẹni tí kò ní àwo, tó ń gbọ́ lórí fóònù, kó má fi etíkan gbọ́ o. Àṣà fífi iapíìsì kan sétí, kí èkejì máa fì lọ́rùn, kò ṣe orin àjọgbọ́ òde òní ní nǹkan kan. Ti àwọn ọdún 1960, ó ń pa á ni. Nínú Rubber Soul tí Beatles ṣe ní 1965, ẹ̀dà sítẹ́rió ti ìgbà náà kó ohùn àwọn akọrin sápá kan, ó kó ìlù àti béèsì sápá kejì. Bí etí tí ẹ fi gbọ́ bá ṣe èyí tí ohùn wà, ẹ̀yin náà á kọ̀wé sí olóòtú pé rọ́ọ̀kì kò ní ìlù.

Rọ́ọ̀kì tiwa náà wà, a ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Chapter One ti BLO (1973) ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́ àlejò: Berkley Jones lórí gìtá, Láolú Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì, ẹni mẹ́ta péré, àwọn ló sì fi lẹ́tà orúkọ wọn sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Try and Love ti Ofege jáde lọ́dún kan náà, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n nígbà yẹn, ní St. Gregory's ní Èkó. Gìtá wọn dùn ju ohùn wọn lọ. Monomono ṣe Give the Beggar a Chance ní 1972, Joni Haastrup ló ń kọrin. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, orúkọ Haastrup kì í ṣe àjèjì sí yín, òun ni orúkọ Ọwá Ajímọ́kọ̀ Kìn-ín-ní. Lọ́dún 1973 kan náà ni Paul McCartney tó wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀ wá sí Àpápá láti gba ohùn èyí tó pọ̀ jù nínú Band on the Run sílẹ̀. Àwo náà dára, àmọ́ bí ẹ bá ń wá Èkó nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí i; inú ti BLO ni kí ẹ ti wá a.

Irú àwọn àwo wọ̀nyẹn ló ń jẹrà lábẹ́ ibùsùn ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ gbé e síwájú fèrèsé, kí ẹ fi ẹ̀yìn èékánná ra ibi tó bá ha. Èyí tí èékánná kò mọ̀, abẹ́rẹ́ á kọjá lórí rẹ̀. Èyí tí èékánná bá kọ́, ó lè fò. Eruku ọyẹ́ àti èébu òjò kì í ṣe ikú àwo, fífọ̀ ni. Ẹ má fi omi inú ọ̀rá fọ̀ ọ́, ìyọ̀ inú rẹ̀ á gbẹ sójú ọ̀nà. Omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ rà, ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa, nítorí ásíìdì náà wà lórí igbá kan náà. Ìwọ̀n mẹ́rin omi sí ìwọ̀n kan isopropyl (irú ọtí kan tí a kì í mu) láti ilé oògùn, kán ọṣẹ ìfọbọ́ olómi ẹ̀kán méjì sí lítà kan. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ máa yí i tẹ̀lé ojú ọ̀nà orin, ẹ má ṣe gé e kọjá. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ẹ fi omi bátìrì nìkan ṣàn án, kí ẹ gbé e dúró níbòji títí yóò fi gbẹ. Àwọn àwo wúwo àtijọ́ tó ń yípo 78, tó ń fọ́ bí abọ́, ẹ má fi ọtí kàn wọ́n rárá: yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé, má tò wọ́n lérí ara. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀kan sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án o, á ká kí ẹ tó ra búrẹ́dì tán.

Kí ará Iléṣà yẹn fọ àwo Santana rẹ̀ báyìí, kó ra abẹ́rẹ́ tuntun, kó yọ kọ́bọ̀ kúrò bó bá wà níbẹ̀. Kó má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí "Jingo". Kó ti orí "Savor" tó ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì wọnú ara wọn láìdúró, ìlù ni wọ́n sì fi so wọ́n pọ̀. Kó ka ọwọ́ tó ń lùlù níbẹ̀, kó tún kọ̀wé sí yín.

Àwa olùgbọ́ rọ́ọ̀kì,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀